Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Ara Yín Ni Irinṣẹ́ Àkọ́kọ́



Iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ojú ìlera wò nínú abala yìí lónìí ni iṣẹ́ mẹkáníìkì. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí jamáà kan nílẹ̀ Yorùbá tí a kò ti lè rí wọn: ẹni tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, rẹwáyà, panẹ́bítà, ẹni tó ń kun ọkọ̀, fọ́kánáísà, ẹni tó ń ṣe bátìrì, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Àwọn ni wọ́n ń tún bọ́ọ̀sì mọ́sáláṣí ṣe, àwọn náà sì wà lára àwọn tó ń dáwó nígbà tí a bá fẹ́ kan òrùlé. Iṣẹ́ haláàlì ni, iṣẹ́ ọpọlọ ni, iṣẹ́ agbára sì ni.

Ohun kan ló ya ṣọ́ọ̀bù aládàáni sọ́tọ̀ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ilé iṣẹ́ ńlá máa ń ní ẹni tó ń rí sí ààbò, ó máa ń fún òṣìṣẹ́ ní ìbọ̀wọ́ àti bàtà, bí òṣìṣẹ́ bá sì ṣàìsàn, iṣẹ́ kò ní torí ìyẹn dúró. Ní ṣọ́ọ̀bù aládàáni, ọ̀gá ni gbogbo rẹ̀. Òun ni máníjà, òun ni akọ̀wé owó, òun ni olùkọ́, òun náà ló ń wọ abẹ́ ọkọ̀. Ọjọ́ tó bá dùbúlẹ̀ àìsàn, iṣẹ́ dúró nìyẹn, oníbàárà á gba ibòmíì lọ, owó oúnjẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ṣáájú sípánà, ṣáájú jáàkì, ara ọ̀gá àti ara àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé ara wa ní ẹ̀tọ́ lórí wa. Ẹ̀tọ́ yẹn kò kúrò lọ́rùn wa nítorí pé a ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Ẹnu kì í ṣe páǹpù

Nínú gbogbo ohun tó ń gbé ọmọ mẹkáníìkì dé ilé oògùn, èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni fífi ẹnu fa epo bẹntiróò. Ọmọ iṣẹ́ á ki rọ́bà bọ táǹkì, á fi ẹnu fà á, epo á sì ti dé ọ̀fun rẹ̀ kó tó yọ rọ́bà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá á ní, “Bí gbogbo wa ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn.” Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Epo tó wọ ikùn kọ́ ni ewu tó tóbi jù. Èyí tó bá ṣìnà, tó gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, ni. Bẹntiróò fúyẹ́, ó sì máa ń tàn kálẹ̀ kíákíá, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba tí kò kún ṣíbí kékeré lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró wú, kí èémí má sì lè já geere mọ́.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe lẹ́yìn náà ló tún ń dá kún un. Wọ́n á ní kí ọmọ náà mu epo pupa, tàbí mílíìkì, tàbí omi iyọ̀, kó lè bì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ń bì, ńṣe ni bẹntiróò náà ń gba ọ̀fun kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró sì tún ṣí sílẹ̀ fún un. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe nìyí: ẹ gbé e kúrò níbi tí òórùn epo wà, ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ jẹ́ kó fi omi yọ ẹnu kó sì tu ú dànù. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo dà sí kúrò lára rẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ikọ́ bá bẹ̀rẹ̀, tàbí tó ń mí kíákíá, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí tí oorun tí kò yẹ ń kùn ún, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Bí kò bá tiẹ̀ sí àmì kankan lójú ẹsẹ̀, wákàtí mélòó kan lè kọjá kí àmì tó yọ. Ẹ má jẹ́ kó dá lọ sùn.

Ojútùú rẹ̀ kò wọ́n. Páǹpù ọlọ́wọ́ tó ní bọ́ọ̀lù rọ́bà tí a ń tẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta páàtì, láti ọjà Ládípọ̀ ní Mushin títí dé ìsọ̀ kékeré tó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Owó rẹ̀ kò tó owó ibùsùn ọjọ́ kan ní ilé ìwòsàn. Ọ̀gá tó bá rà á, kó sọ fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ pé láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu fa epo mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù òun.

Ọwọ́ tí a fi ń ṣe àlùwàlá

Bí àkókò ìrun Ayílà bá tó, ohun tó sún mọ́ ọwọ́ jù láti fi fọ gíríìsì ni bẹntiróò. Òótọ́ ni pé ó ń fọ gíríìsì kúrò kíákíá, ṣùgbọ́n ó tún ń fọ òróró àdámọ́ tí Ọlọ́hun fi dáàbò bo awọ ara kúrò. Awọ á gbẹ, á máa yún, á sán, kòkòrò àrùn á sì rí ọ̀nà wọlé. Àtẹ́lẹwọ́ míì á sán débi pé ẹni tó ni ín kò ní lè di sípánà mú mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, bẹntiróò ní bẹnsíìnì nínú. Bẹnsíìnì wà lára àwọn ohun tí IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ, sọ pé ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, pàápàá ti ẹ̀jẹ̀. Ó ń gba imú wọlé, ó sì ń gba awọ ara wọlé.

Ọ̀nà tó dára jù nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fi àkísà gbígbẹ nu gíríìsì tó nípọn kúrò. Ẹ da òróró ìdáná díẹ̀ sí ọwọ́, tàbí kí ẹ fi fásìlíìnì pa á, kí ẹ rà á mọ́ra títí gíríìsì á fi rọ̀, torí pé òróró ló ń tú òróró. Lẹ́yìn náà, ẹ po ṣúgà díẹ̀ mọ́ ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, ẹ fi bó ọwọ́, kí ẹ sì fi omi ṣàn án. Ọṣẹ dúdú náà ń ṣe é dáadáa. Bí ọwọ́ bá gbẹ tán, ẹ fi òrí pa á. Ẹni tó bá fi òrí díẹ̀ pa ọwọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, gíríìsì kò ní rí ìlà ọwọ́ rẹ̀ wọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará máa ń béèrè pé ṣé àlùwàlá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ẹ́ńjìn-ọ́ìlì pé. Ohun tí àwọn Alfa wa ń kọ́ wa ni pé omi gbọ́dọ̀ kan awọ àwọn ẹ̀yà ara tí Ọlọ́hun dárúkọ nínú Súrátul Máídà, áyà 6. Ohun tó bá nípọn tó fi lè dí omi lọ́nà, bíi gíríìsì tó lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ọ̀dà ọkọ̀ tàbí gọ́ọ̀mù, yíyọ ni ká yọ ọ́. Àwọ̀ dúdú lásán tó kù lára, tí kò lè dí omi, kò ba àlùwàlá jẹ́. Ẹ́ńjìn-ọ́ìlì fúnra rẹ̀ kì í ṣe nájísì, ìdọ̀tí ni. Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyè méjì, kó bi Ìmáàmù rẹ̀. Kó má ṣe torí rẹ̀ fi ìrun sílẹ̀, kó má sì torí rẹ̀ fi bẹntiróò bó awọ ara rẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní nitrile ń dènà epo ju ìbọ̀wọ́ rọ́bà funfun ti ilé ìwòsàn lọ. Ẹ wọ̀ ọ́ bí ẹ bá ń yí ọ́ìlì padà tàbí tí ẹ bá ń fọ páàtì. Ṣùgbọ́n ẹ bọ́ ọ bí ẹ bá fẹ́ sún mọ́ fáànù tàbí bẹ́líìtì tó ń yí, kó má baà fa ọwọ́ wọlé.

Ọ̀rọ̀ àkísà tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló máa ń ki àkísà tí ọ́ìlì ti rin bọ àpò ṣòkòtò, tí ọ́ìlì á sì máa rin wọ itan láti àárọ̀ dé alẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé irú ọ́ìlì tí a kò sọ di mímọ́ lè fa jẹjẹrẹ awọ ara, àní ti awọ ojú abẹ́ ọkùnrin pàápàá. Ẹ wá ìkọ́ tí ẹ ó máa fi àkísà kọ́ sí. Àpò kọ́ ni ibùgbé rẹ̀.

Eruku bíréèkì àti èéfín sàlẹ́ńsà

Bí ẹ bá tú táyà láti pààrọ̀ bíréèkì, ẹ ó rí eruku dúdú níbẹ̀. Àwọn kan á fi ẹnu fẹ́ ẹ, àwọn míì á fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Nínú ọ̀pọ̀ bíréèkì ayé àtijọ́, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ojú lásán kò sì lè dá èyí tó ní i mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí irú ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì kan tí kì í fa jẹjẹrẹ. Àìsàn rẹ̀ kì í yá. Ó lè gbà tó 20 ọdún tàbí 40 ọdún kó tó fojú hàn, ìyẹn ni pé eruku tí ọmọ ọdún 18 fà símú lónìí lè dúró dè é di ìgbà tó bá di bàbá àgbà. Ẹ má fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi àkísà tútù nù ún, kí ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá kí ẹ tó dà á nù.

Ti èéfín náà ńkọ́? Ní ọdún 2012, IARC ka èéfín ẹ́ńjìnnì dísù mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Èyí tó ń pani lójú ẹsẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, tó wà nínú èéfín ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, kò sì ní fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ náà. Bí òjò bá ń rọ̀ tí wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù, tàbí tí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, orí fífọ́ ló máa ń kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà òòyì, èébì, lẹ́yìn náà oorun tí ẹni náà lè má jí nínú rẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ má wá oògùn orí fífọ́. Ẹ jáde síta ná.

Ẹ̀yin tó ń kun ọkọ̀, aṣọ tí ẹ fi ń bo imú kò lè dènà ọ̀dà. Àwọn ọ̀dà kan tí a ń po mọ́ ohun tó ń mú un le lè fa ikọ́ fée tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Ìbomú tó ní àpótí ìsẹ́ èéfín ló yẹ, kí ẹ sì máa kun ọkọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, jìnnà sí ibi tí àwọn yòókù ti ń jẹun.

Bátìrì: ásíìdì lójú, òjé nínú ẹ̀jẹ̀

Bí bátìrì bá ń gba iná, afẹ́fẹ́ haidirójìnnì ń jáde lára rẹ̀, iná kékeré sì lè mú kó bú gbàù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá tàbí ṣá ìṣáná nítòsí rẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka àti ṣéènì ọwọ́ kí ẹ tó tú bátìrì, nítorí irin tó bá so ojú méjèèjì pọ̀ lè gbóná débi tí á fi jó ìka. Ẹsẹ̀ tó ní àmì àyọkúrò ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Ẹni tó bá ń po ásíìdì, ásíìdì ni kó dà sínú omi, kó má ṣe da omi sínú ásíìdì láé.

Bí ásíìdì bá ta sójú, omi mímọ́ nìkan ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ la ojú náà sílẹ̀, ẹ máa da omi sí i fún bí 20 ìṣẹ́jú láìdúró, kí ẹ tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi omi ọyàn sí i, ẹ má fi ìtọ̀ sí i, ẹ má fi omi ṣúgà sí i. Gálọ́ọ̀nù omi mímọ́ kan tí a kọ “OJÚ” sí lára, tí ẹnikẹ́ni kì í mu, tí a sì ń pààrọ̀ omi inú rẹ̀, yẹ kó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Òjé ló kù. Bẹntiróò tó ní òjé nínú ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo àgbáyé láti ọdún 2021, ṣùgbọ́n òjé inú bátìrì ṣì wà. Kì í dunni lọ́jọ́ tó bá wọlé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kó jọ sínú egungun, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Nítorí náà, ẹ má tú bátìrì kú nílé, ẹ má yọ́ òjé nínú ọgbà ilé, ẹ má sì jẹun láìfọ ọwọ́. Búrẹ́dì tí a fi ọwọ́ bátìrì bù, òjé ni a fi jẹ ẹ́.

Abẹ́ ọkọ̀

Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè. Kò wà fún gbígbé e dúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi ẹsẹ̀ irin tó lágbára sí i lábẹ́, lórí ilẹ̀ tó le. Ẹ fi nǹkan dí táyà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ sì ti táyà tí a tú sábẹ́ ọkọ̀ náà, kó lè gbà á bí ohunkóhun bá yẹ̀. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì kò dára fún un, nítorí ó lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìfúnni ní àmì.

Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná. Ẹ dúró kó tutù, ẹ fi àkísà tó nípọn dì í mú, kí ẹ sì yí i díẹ̀díẹ̀. Bí iná, omi gbígbóná tàbí sàlẹ́ńsà bá jó ènìyàn, omi tó ń ṣàn ni kí ẹ gbé ibẹ̀ sí fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín, ẹyin tàbí ọ́ìlì sí i. Bí bẹntiróò bá gbiná, ẹ má da omi sí i, yanrìn ni kí ẹ dà lé e. Korobá yanrìn méjì kò ná wa ní nǹkan kan. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìjọba ni 112, ẹ kọ ọ́ sára ògiri.

Ọgbẹ́ àti oògùn ara ríro

Bí irin bá géni lọ́wọ́, àwọn kan á da bẹntiróò tàbí ọ́ìlì bíréèkì sí ojú ọgbẹ́, wọ́n á ní ó ń pa kòkòrò. Ara tó yẹ kó jinná ló ń pa. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ dì í. Bí ọgbẹ́ náà bá jìn, tàbí tó jẹ́ irin dípẹtà ló gún un, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tó ń mú kí àgbọ̀n dì. Ẹ bi ara yín pé ìgbà wo ni ẹ gbà á kẹ́yìn. Bí ẹ kò bá rántí, ó ti tó àkókò láti bi nọ́ọ̀sì léèrè.

Ẹ̀yìn dídùn àti orúnkún dídùn kò jìnnà sí mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń rí ni ẹni tó ń gbé diclofenac tàbí ibuprofen mì lójoojúmọ́ láìrí dókítà, tó tún ń fi àgbo lé e, nígbà míì pẹ̀lú ikùn òfìfo. Àwọn oògùn wọ̀nyí, bí wọ́n bá di oúnjẹ, ń dá ọgbẹ́ sínú ikùn, wọ́n ń ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni tramadol tí àwọn ọmọ iṣẹ́ kan ń lò kí àárẹ̀ má baà mú wọn. Kì í ṣe oògùn agbára. Ó ń dini mú, ó lè fa gìrì, ó sì lè dá èémí dúró. Oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ ni. Ọ̀gá tó bá rí i lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, kó má kàn lé e dànù. Kó pe àwọn òbí rẹ̀, kó sì mú un lọ bá oníṣègùn, nítorí ẹni tó ti wọ̀ ọ́ lára nílò ìrànlọ́wọ́ láti jáde. Fún ẹ̀yìn dídùn, ẹ máa gbé ẹrù tó wúwo ní méjì-méjì, ẹ tẹ orúnkún dípò ẹ̀yìn, kí ẹ sì máa sinmi láàárín iṣẹ́.

Aṣọ iṣẹ́ àti ará ilé

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin aya, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ó kéré tán, 400 ọmọdé ni òjé pa. Àwọn ọmọ náà kò ṣiṣẹ́ kankan nílé iṣẹ́. Wúrà ni àwọn àgbà ń wá, tí wọ́n ń fọ́ òkúta lábúlé àti nínú ilé, òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ ló sì dé ara àwọn ọmọ. Iṣẹ́ bátìrì àti iṣẹ́ wúrà kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí májèlé ń gbà wọlé jọra: aṣọ, bàtà àti ọwọ́ ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Kí bàbá bọ́ aṣọ iṣẹ́ àti bàtà sí ṣọ́ọ̀bù, tàbí sí ẹ̀yìn ilé, kó tó wọlé. Kó wẹ̀ kó tó gbé ọmọ. Ẹ má fọ aṣọ iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ, ẹ wá abọ́ tirẹ̀ fún un, ẹ má sì gbọn ọ́n sínú ilé. Aṣọ ìrun yẹ kó wà lọ́tọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, nínú ọ̀rá mímọ́, kí bẹntiróò àti gíríìsì má baà máa dí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nínú sààfù lọ́wọ́.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹ má gbé bẹntiróò, kẹrosíìnì, ásíìdì tàbí omi rédíétọ̀ aláwọ̀ wálé nínú ike omi tàbí ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ojú ọmọ ọdún méjì, ohun mímu ni. Omi rédíétọ̀ mìíràn tilẹ̀ dùn lẹ́nu, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ sì lè ba kíndìnrín ọmọ jẹ́ pátápátá.

Ọ́ìlì tí a dà nù

Ọ́ìlì tí a bá tú jáde nínú ẹ́ńjìnnì kò yẹ kó wọ gọ́tà, kò yẹ kó wọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bí òjò bá rọ̀, yóò dé kànga àdúgbò, kànga náà sì lè jẹ́ èyí tí a ti ń pọn omi àlùwàlá. Aládùúgbò ní ẹ̀tọ́ lórí wa. Ẹ máa gbè é sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí, kí ẹ sì tà á fún àwọn tó ń rà á láti tún un ṣe. Owó ni fún ṣọ́ọ̀bù, ààbò ni fún àdúgbò.

Níbo ni owó rẹ̀ yóò ti wá?

Ọ̀gá á sọ pé, “Alfa, gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n níbo ni kí n ti rówó rẹ̀?” Ìbéèrè gidi ni. Àbá mi nìyí. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ iṣẹ́ sí: ọkọ̀ ta ni, kí ló ṣe é, èló ni páàtì, èló ni owó iṣẹ́. Nínú owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ ìwọ̀nba díẹ̀ sọ́tọ̀ sínú àpótí ìlera ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ má sì fi ọwọ́ kàn án fún nǹkan míì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí owó rẹ̀ kéré jù: páǹpù epo, yanrìn, gálọ́ọ̀nù omi ojú, ọṣẹ. Lẹ́yìn náà ìbọ̀wọ́, ẹsẹ̀ irin, gíláàsì ìbojú. Owó náà kò gbọ́dọ̀ ti inú páàtì ayédèrú wá. Súrátul Mutaffifin dá lórí àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù, bíréèkì ayédèrú sì ju òṣùwọ̀n tó dín lọ, ẹ̀mí ènìyàn ló wà lórí rẹ̀. Oníbàárà tó bá rí i pé ẹ ń sọ òótọ́ fún òun yóò gbà láti san owó iṣẹ́ tó tọ́.

Òfin ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ìlera Èkó wà ní Èkó, OYSHIA wà ní Ọ̀yọ́, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù nílẹ̀ Yorùbá náà sì ní tiwọn. Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì tàbí jamáà lè kó ara wọn jọ forúkọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ pẹ̀lú ni kí ẹ fi sí i. Àmánà ni wọ́n jẹ́ lọ́wọ́ yín. Àwọn òbí wọn fà wọ́n lé yín lọ́wọ́ láti kọ́ṣẹ́, wọ́n sì ń retí pé kí ẹ dá wọn padà pẹ̀lú ojú méjì, ọwọ́ méjì àti ẹ̀dọ̀fóró tó dá ṣáká.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú ohun mẹ́ta péré: ẹ ra páǹpù epo, ẹ gbé omi ojú sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì wá ibi tí aṣọ iṣẹ́ yóò máa sùn tí kì í ṣe inú yàrá. Lóṣù tó ń bọ̀, ẹ fi mẹ́ta míì kún un. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru, kó wá bá wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ níbi tábìlì ìlera. Ọ̀fẹ́ ni.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kó dáàbò bo àwọn tó ń wá haláàlì, kó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wa gbọ́n ju wa lọ, kí wọ́n sì lálàáfíà ju wa lọ. Àmín.